Ìkọ́ Irin Tí Ensio Kàn Sẹ́yìn Ìlẹ̀kùn

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, bóyá ní ibùdókọ̀ ni o, bóyá níbi tí o ti ń dúró de dókítà, èmi kò mọ̀ ọ́. Èmi kò sì mọ ohun tí ò ń fi pamọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ Ensio. Jẹ́ kí n sọ tirẹ̀ fún ọ kí o tó sọ ìwé náà nù.

Ní apá àríwá Finland níbí, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Ensio fi wa tírélà tó ń kó gẹdú láti inú igbó lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la igi. Akọni ọkùnrin ni. Bí òtútù bá mú tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ẹlòmíràn kò ṣiṣẹ́, tirẹ̀ á ṣiṣẹ́, á sì fi àwọn yòókù ṣe yẹ̀yẹ́ títí di Sátidé.

Sátidé ni a máa ń wẹ̀ nínú ilé ooru, sauna tí kò sí ilé tí kò ní in. A ó dáná sábẹ́ òkúta títí tí yóò fi gbóná janjan, a ó da omi lé e, a ó sì jókòó sórí pákó gíga kí ooru náà bò wá. Ensio ni ọba ibẹ̀. Á máa da omi lé òkúta títí àwọn ọkùnrin yòókù á fi sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á wà lókè, á máa rẹ́rìn-ín. Igò ọtí líle rẹ̀ á wà nínú yìnyín níta, ó ń dúró dè é.

Saimi ìyàwó rẹ̀ ń lọ sí ilé àdúrà. Òun kì í lọ. Ó ní àwọn tí kò lè dá dúró ló ń wá ẹni tí wọn yóò fara tì.

Nígbà tó pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú níbi tó ti ń di gẹdú mọ́ ọkọ̀. Ẹnu rẹ̀ wọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ rọ jọwọlọ. Wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ẹnu padà sípò, ó tún ń rìn, ọwọ́ òsì nìkan ni kò gbọ́ràn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní kò burú, òun ti rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Kò tíì rí ẹ̀yìn rẹ̀. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, bó ti ń mu kọfí lọ́wọ́ láàárọ̀, àwọn ìka ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra wọn. Ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Gbígbọ̀n náà gun apá, ó dé ojú, Ensio sì ṣubú lulẹ̀. Itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì tọ̀ sára. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó rí obìnrin kan tó kúnlẹ̀ tì í, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí pé Saimi ni.

Dókítà ní àpá tí àrùn àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ nínú ọpọlọ ló ń fa gìrì náà, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bá a gbé, ó sì ṣeé ṣàkóso. Oògùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó má fo ọ̀kan. Ọtí, rárá. Ọkọ̀ wíwà, ó dìgbà kan ná. Ilé ooru ńkọ́? Kó má dá wọ̀ ọ́, kó má sì tilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ láé. Ensio mi orí bí ọmọ ilé-ìwé. Nígbà tó délé, kò pa ẹyọ kan mọ́ nínú gbogbo rẹ̀.

Kì í ṣe ikú ló ń bà á lẹ́rù. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, Ensio sì gba èyí gbọ́ ju bó ṣe gba Ọlọ́run gbọ́ lọ. Pé kí àwọn ọkùnrin Sátidé rí òun níhòòhò, kí òun máa gbọ̀n lórí pákó tí òun ti jọba! Ó sàn kí ilẹ̀ lanu. Ó wá pa ìwẹ̀ pẹ̀lú wọn tì. Ó ní ooru tiwọn ti tutù jù fún òun. Nígbà tó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ya tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sọ fún wọn pé yìnyín ló yọ òun. Oṣù Keje ni, àárín ìgbà ooru. Kò sí yìnyín níbì kankan. Àwọn ènìyàn ṣe bí ẹni gbà á gbọ́, nítorí àwa ará ibí kì í yọjú sí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò pè wá. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Oògùn náà kò bá ọtí rẹ́. Ọtí ló yàn. Bí ó bá ti di Ọjọ́bọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi hóró oògùn sínú ìkòkò òdòdó tó wà lójú fèrèsé, kí Sátidé lè bá a ní òmìnira.

Saimi kò bá a jà. Ẹní ló ń hun. Ògbólógbòó aṣọ ló máa ń gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á fi hun ẹní sórí òfì rẹ̀, kò sì sí ilé kan lábúlé tí kò tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní Sátidé, á gbé aṣọ gígé rẹ̀ wá sí yàrá kékeré tó ṣáájú ilé ooru, á jókòó síbẹ̀, á máa fetí sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á kan ìlẹ̀kùn, á pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Ìyẹn nìkan.

Ó bí Ensio nínú. Ó mú ìkọ́ irin kan, ó kàn án sẹ́yìn ìlẹ̀kùn ilé ooru, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í fi nǹkan tilẹ̀kùn láti ìgbà àwọn baba wa.

Kalervo aládùúgbò rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Awakọ̀ gẹdú lòun náà, igò kan náà ni wọ́n jọ ń mu tẹ́lẹ̀, kí Jésù tó gbà á lọ́wọ́ ọtí ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

“Ta lò ń tilẹ̀kùn mọ́, Ensio?” ló bi í nídìí kọfí. “Olè kì í wá wẹ̀.”

“Àwọn tí kò níṣẹ́ ṣe.”

“Gìrì kì í kànkùn kó tó wọlé. Saimi ló ń kànkùn, òun lo sì tì í mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe ń tì í mọ́ Olúwa, láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́.”

“Mu kọfí rẹ kó tó tutù. Ọjọ́ tí mo bá di arúgbó hẹ́gẹhẹ̀gẹ, màá ránṣẹ́ pè ọ́, kí o wá wàásù.”

Bó ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Kalervo rí i. Ó mu kọfí rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Sátidé kan ní oṣù Kejì, Ensio wọlé lọ wẹ̀, ó fi ìkọ́ kọ́ ìlẹ̀kùn. Saimi wà ní ìjókòó rẹ̀. Ó kànkùn. Kò gbọ́ nǹkan. Ó tún kànkùn, ó sì gbọ́ ohun kan tó ń lu pákó, gbà, gbà, gbà. Lẹ́yìn náà ni òórùn ẹran ara tó ń jóná jáde.

Ó fa ìlẹ̀kùn. Ìkọ́ náà kò yẹ̀. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ni Ensio. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta sáré jáde sínú yìnyín láìwọ bàtà, ó gbé ìtì igi ìdáná kan, ó fọ́ fèrèsé kékeré náà, ó sì rá gba orí àfọ́kù gíláàsì wọlé. Ensio ti já sáàárín pákó àti ààrò. Ẹ̀yìn rẹ̀ wà lára òkúta gbígbóná, gìrì sì ń gbé e lù ú. Saimi kò rí aṣọ mú. Ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sáàárín ara ọkọ rẹ̀ àti òkúta náà, ó sì tì í kúrò. Ọwọ́ yẹn kan náà ló fi ṣí ìkọ́ irin, tí òun náà ti gbóná bí iná, kó tó ké pe Kalervo.

Ọjọ́ kejì ni Ensio jí ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ bó yánnayànna. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tì í lọ wo Saimi ní yàrá kejì, ó sì rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nínú aṣọ funfun, wọ́n wú bí ìdì òwú. Ìka ọwọ́ ọ̀tún Saimi kò ní í ṣeé ká mọ́, dókítà ti sọ. Ẹní kan wà lórí òfì nílé tí kò tíì hun dé ìdajì.

Wo ọkàn ènìyàn! Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè bí ìlẹ̀kùn ṣe tì, Ensio ní ìkọ́ náà ló ṣèèṣì já bọ́ sí àyè rẹ̀. Saimi gbọ́ ọ. Ó yí ojú sí ògiri.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Kalervo wá jókòó ti Ensio. “Mo lọ wo ìkọ́ náà,” ló wí. “Ìṣó mẹ́rin lo fi kàn án.”

Ensio bú sẹ́kún. Ọkùnrin tí kò sunkún níbi òkú ìyá rẹ̀ ń sunkún bí ọmọdé. “Ojú ló ń tì mí, Kalervo. Mo jẹ́ kí obìnrin yẹn jóná nítorí pé ojú ń tì mí. Ṣé irú èyí ṣeé dárí jì?”

“Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó o. Mo lè sọ ọ́ fún ọ níbí yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ jóná wà ní yàrá kejì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n tún tì í padà lọ sọ́dọ̀ Saimi. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sọ ti ìkọ́, ti ọtí, ti yìnyín oṣù Keje. Nígbà tó dórí oògùn tó ń fi sínú ìkòkò òdòdó, Saimi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Mo mọ̀. Òdòdó náà ti kú.”

Ó ní òun kò ní í purọ́ pé kò dun òun. Ó ń dun òun, yóò sì máa dun òun. Lẹ́yìn náà ló gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi dì wọ́n, ó fi kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, gẹ́gẹ́ bí àwa onígbàgbọ́ ibí ṣe máa ń ṣe fún ara wa. Ó ní, “Gbà á gbọ́, Ensio. A dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ jì ọ́, ní orúkọ Jésù àti nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.” Ensio gbà á gbọ́. Kalervo, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ló sọ ọ́ fún mi.

N kò ní í tàn ọ́ jẹ. Gìrì náà kò lọ. Ensio ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, kò fi ọtí kan ẹnu mọ́, síbẹ̀ ó ń mú un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹní náà ṣì wà lórí òfì, kò dé ìdajì títí di òní.

Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yọ ìkọ́ náà, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin Sátidé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, níbi tí a jókòó sí, ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Ó ti dé o.” Ohun tó bà á lẹ́rù ju ikú lọ ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo wa. A gbé e sọ̀ kalẹ̀, Kalervo yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi aṣọ ìnura bò ó. A dúró. Nígbà tó jí, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. A fọ ẹ̀yìn rẹ̀ fún un, ẹ̀yìn tó ní àpá, a sì gbé e délé.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Kí lo kàn sẹ́yìn ìlẹ̀kùn tìrẹ? Ìṣó mélòó lo fi kàn án? Bóyá ọtí ni, bóyá irọ́ tí gbogbo ilé ti mọ̀ ni, bóyá agbára tí o ń fọ́nnu lé tí o sì mọ̀ pé ó ti ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Ìdájọ́ Ọlọ́run kì í kànkùn kó tó wọlé. Jésù ló ń kànkùn.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, Saimi ì bá bá òkú. Má sọ pé ó di ọjọ́ ogbó. Yọ ìkọ́ náà lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Jẹ́wọ́, kí o sì ké pe Olúwa. Kò ní í fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sáàárín ìwọ àti iná, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.