Omi Sítáǹpù

Sítáǹpù náà wà nísàlẹ̀ abọ́, ṣùgbọ́n omi inú abọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń gbá pálọ̀. Mo wo abẹ́ tábìlì bóyá ó dà nù, ilẹ̀ gbẹ. Mo wá wo ìyá ọkọ mi tó jókòó lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Omi ṣì wà létè rẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá, ẹ ti mu omi sítáǹpù!" Ẹ̀rín ni mo ń rín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé orí mi ti dà rú. Aago ni ọkọ mi ń tún ṣe, Bàbá Aago ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Tó bá ti kúrò nídìí aago, ìdí sítáǹpù ló kù. Kì í sì í ṣe sítáǹpù lásán o. Ti Amẹ́ríkà ni, ti ayé àtijọ́, ìgbà tí àwọn ará ibẹ̀ ń bá ara wọn jagun. Ó ń rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń tà wọ́n lókè òkun. Á fi ẹ̀mú tín-ín-rín gbé wọn, á fi awò tó fi ń wo inú aago wò wọ́n, á wá máa mí jẹ́jẹ́ kí èémí rẹ̀ má baà fẹ́ wọn lọ. Àwọn obìnrin mìíràn ní orogún tó ń jẹun, tó ń sùn. Orogún tèmi kò tó èékánná àtàǹpàkò.

Èyí tó wà nínú abọ́ lọ́jọ́ náà, ẹyinjú rẹ̀ ni. Sẹ́ńtì mẹ́ta ni iye tí wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n pupa rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń pe àwọ̀ náà ní ẹ̀jẹ̀ ẹyẹlé. Ó ṣì lẹ̀ mọ́ igun àpò lẹ́tà kan tó ti gbó. Tí ẹ bá fẹ́ ṣí irú rẹ̀, ẹ ó rẹ ẹ́ sínú omi lásán títí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ á fi yọ́. Abọ́ tí ọkọ mi máa ń lò ti fọ́, ló bá mú abọ́ ìmumi Màmá. Àwọn ọkùnrin!

Ní ti Màmá, àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó ń jẹun, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó mọ gbogbo wa, ó sì máa ń di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú tí wọ́n bá jọ jókòó. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Adúmáadán ló ń pè é láti kékeré, kódà nígbà tó ti hewú. Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó ń sọ ohun tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi nígbà kan pé tí òun bá lè gbọ́ Adúmáadán yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, òun ò tún ní tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí Màmá la ẹnu tirẹ̀.

"Ṣé ẹni tó ń pín lẹ́tà ti kọjá?"

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Bàbá Aago! Ẹ sáré wá o! Màmá ti sọ̀rọ̀!"

Ó sáré wọlé tòun ti ọṣẹ ìfárùngbọ̀n lẹ́rẹ̀kẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá kò tilẹ̀ wò ó. Ó to ẹsẹ̀ pọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó nà gbọnrangandan bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Ìyá yìí kì í jókòó báyẹn.

"Yìnyín ti bo ojú ọ̀nà," ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Láti ìgbà tí wọ́n ti kó àbúrò mi lọ sójú ogun ni mo ti ń kọ̀wé sí i. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹni tó ń pín lẹ́tà bá kọjá, ẹ pè mí."

Ó fa aṣọ bo èjìká bí ẹni tí òtútù ń mú. Ooru sì ń mú wa, òógùn ń kán lára mi.

Ohùn Màmá ni. Ṣùgbọ́n Màmá kò ní àbúrò, kò sì rí yìnyín rí láyé rẹ̀. Títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, fèrèsé ló ń wò. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá dákẹ́. Ó nawọ́, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹni tó lá a ni," ọkọ mi sọ fún mi lẹ́yìn oúnjẹ, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ògiri gbọ́. "Ahọ́n ni wọ́n fi ń lá ẹ̀yìn sítáǹpù kó tó lẹ̀. Itọ́ obìnrin yẹn ti wà níbẹ̀ látìgbà náà."

"Ẹ kó gbogbo ẹ̀ dànù, Bàbá Aago. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín fa ohun tí apá wa ò ní ká."

Ó mú awò rẹ̀, ó ń nù ún. Mo mọ ọkùnrin mi. Tó bá ti ń nu awò báyẹn, ó ti ń rò ó.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá Màmá tó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì bí ọkùnrin, tó ń bú ẹnì kan tó ta ẹṣin arọ fún un. Èébú náà dùn débi pé ǹ bá rẹ́rìn-ín, ká ní kì í ṣe ẹnu Màmá ló ti ń jáde. Abọ́ wà lórí tábìlì, sítáǹpù aláwọ̀ búlúù kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ fún un mu?"

"Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

"Ohùn rẹ̀ wo? Ẹ ti sọ ẹnu ìyá yín di ilé tí ayálégbé ń kó wọ̀, tó ń kó jáde!"

Ló bá fọwọ́ bojú. Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Nígbà tó gbé ojú sókè, ó lọ tú àpótí rẹ̀. Nígbà tó wà ní ilé ìwé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ lọ́mọdé, Màmá máa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i. Kò mọ̀wé kọ, aládùúgbò ló ń bá a kọ ọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń lá sítáǹpù, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lá a. Ọkọ mi ti tọ́jú àpò àwọn lẹ́tà náà pamọ́. Ó fa ọ̀kan yọ, ó rẹ igun tí sítáǹpù wà sínú abọ́ omi.

"Eléyìí kì í ṣe ti àlejò," ó ní. "Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ló ń padà síbẹ̀."

Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Èmi náà ń ṣàárò ohùn ìyá yẹn. Èmi gan-an ni mo gbé abọ́ sí i lẹ́nu.

Ó mu ún tán. Ojú rẹ̀ là, ẹ̀rín tí a kò rí láti ọdún tó kọjá bọ́ sí i. Ó dìde láìdi nǹkan kan mú. Ọkọ mi bú sẹ́kún. Màmá yíjú sí i, ó sì kúnlẹ̀. Ìyá tó bí i lọ́mọ fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má sunkún mọ́. Ẹ dákun sà, ọmọ mi wà ní ilé ìwé tó jìn, wọ́n ní wọ́n ń gba ìsinmi lónìí. Ọmọkùnrin dúdú, tó ń dán. Adúmáadán ni mò ń pè é. Ẹ ò pàdé ẹ̀ lọ́nà?"

A dúró kí oòrùn wọ̀. Oòrùn wọ̀, ohùn náà kò lọ. Ti àwọn àlejò ló máa ń lọ. Tirẹ̀ dé ilé, ó sì jókòó.

Àǹtí ló ń pè mí báyìí. Lọ́sàn-án, á gbé àga síta, á máa wo ojú ọ̀nà. Bàbá Aago á ti ṣọ́ọ̀bù, á wá jókòó tì í, Màmá á máa sọ fún un nípa ọmọ rẹ̀, pé ó lágídí, pé ẹ̀rù òjò ń bà á. Ọkọ mi á máa béèrè bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Lánàá, mo gbọ́ tí Màmá ní, "Bàbá, ojoojúmọ́ lẹ ń bá mi jókòó. Ẹ ò ní ìyá nílé ni?"

Ọkọ mi bá a wo ojú ọ̀nà.

"Mo ní. Ó ń retí mi."

"Ẹ wá jókòó síbí?" Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bínú. "Ẹ dìde, ẹ máa lọ bá a. Ẹ ò mọ bó ṣe ń dun ìyá ni?"

Ọkọ mi dìde. Ó rìn dé ìparí àdúgbò, ó dúró díẹ̀, ó yí padà, ó ń bọ̀. Màmá na ọrùn bí ó ṣe ń sún mọ́ ọn, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan tẹ̀ lé e.