Ẹni Kẹfà ní Kíláàsì Kẹ́mísìrì

Ìgèrè bàbá mi ni mo ń tún ṣe létí òkun lọ́jọ́ tí ìdílé Corinna kó dé erékùṣù wa. Ó dúró tì mí.

"Kí lẹ ń fi èyí mú?"

"Edé ńlá. Àti ọmọbìnrin tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ jù."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Háà, ó parí fún mi nìyẹn.

A di ọ̀rẹ́, a di olólùfẹ́. Nígbà tó kan ká yan ẹ̀kọ́ tí oníkálukú máa ṣe lọ́dún àṣekágbá, ó ní ìmọ̀ nípa àyíká lòun fẹ́ lọ kà ní yunifásítì, kóun lè mọ ìdí tí òkun wa fi ń gbóná, tí edé fi ń sá lọ. Ó yan bàyọ́lọ́jì, ó yan ìṣirò. Ó wá ku kẹ́mísìrì, wọn ò sì ní gbà á láìsí i.

Mísìs Pinkham, olùkọ́ wa, mi orí. "Ẹ̀yin márùn-ún péré lẹ fẹ́ ẹ. Bí ẹ ò bá pé mẹ́fà, kò ní sí kíláàsì, ọmọ mi."

Corinna sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Èmi ti yan àtúnṣe ẹ́ńjìnnì nítorí ọkọ̀ bàbá mi tí mo máa jogún, wákàtí kan náà ni wọ́n sì ń kọ́ òun àti kẹ́mísìrì. Mo padà lọ bá Mísìs Pinkham, mo ní kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì kúrò, kí wọ́n fi kẹ́mísìrì sí i fún mi.

Bàbá mi fárígá. "Dalton! Ṣé kẹ́mísìrì ló máa bá ọ tún ọkọ̀ ṣe lójú agbami?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni, Bàbá."

Irọ́ gbuu! Orí ló máa ń fọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ Corinna ni mo ń jókòó, inú mi ń dùn, ó tún ń bàjẹ́. Bó ṣe ń yé e sí i ló ṣe ń jìnnà sí mi, mo sì mọ̀.

Yunifásítì gbà á. Ní èbúté, ó dì mọ́ mi.

"Olùfẹ́ mi, o ò fẹ́ràn kẹ́mísìrì rí. Kí ló dé tó o fi ṣe é?"

"Ọkọ̀ ń dúró dè ọ́."

"Bá mi lọ, Dalton."

"Ta ni màá fi bàbá mi sílẹ̀ fún?"

Ó ń sunkún wọnú ọkọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá sin èèyàn dé èbúté ló ń tú okùn ọkọ̀. Èmi nìkan ló dúró níbẹ̀.

Mo tú u.