Etí Páànù àti Àárín Rẹ̀

"Tẹ́sítà mi dà? Mo ní tẹ́sítà mi dà, obìnrin yìí!"

Gbogbo ilé gbọ́ ohùn Oníná. Ó ti da àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sí àárín pálọ̀. Wáyà, súkúrù àti téèpù dúdú fọ́n káàkiri bí ẹni pé olè ló wọlé. Irin kékeré kan lásán ló ń wá, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná fi máa ń kan wáyà láti mọ̀ bóyá iná wà nínú rẹ̀. Èèkù rẹ̀ jẹ́ rọ́bà pupa, Oníná sì ti fi ọ̀bẹ fín àmì sí i lára kí ẹnikẹ́ni má baà jí i gbé níbi iṣẹ́.

"Mi ò fọwọ́ kàn án, olówó orí mi," ni Aránṣọ ìyàwó rẹ̀ dáhùn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ẹ rántí ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Bóyá ibẹ̀ ni ẹ gbàgbé rẹ̀ sí."

"Bóyá kí ni? Ṣé èmi ni mo máa gbàgbé ohun tí mo fi ń jẹun? Ìwọ lo fi tú ẹ̀rọ rẹ, o sọ ọ́ nù, o wá ń wò mí bí ọmọ tí wọ́n gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹ̀! Kí lo tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe? Irinṣẹ́ ọkọ, o ò lè bá a tọ́jú rẹ̀. Oúnjẹ, àfi kí èèyàn jáde kó tó jẹ èyí tó dùn lẹ́nu!"

Bó ṣe sọ èyí tán ló pa ẹnu dé lójijì. Ó kó wáyà rẹ̀ jọ, ó fẹsẹ̀ fẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ kò bá a jáde. Ó jókòó ti Aránṣọ níbẹ̀, ó ń wò ó lójú. Kí èèyàn jáde lọ síbo? Oúnjẹ ta ni?

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀: tẹ́sítà yẹn kò sọnù! Ó wà níbi tí ọwọ́ Oníná fúnra rẹ̀ gbé e sí, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń dúró de ọjọ́ tí yóò dójú ti àwọn ọ̀dàlẹ̀.

Ìyá Oníná ló ni ilé yẹn. Ìyá Àgbà ni tèwe-tàgbà ń pè é, orúnkún sì ń dùn ún tó fi jẹ́ pé kì í jáde àfi bí Aránṣọ bá di apá rẹ̀ mú. Kíṣíìnì kékeré kan ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti ti tọkọtaya. Fèrèsé rẹ̀ kò ju ìnura tí wọ́n ká sí méjì lọ, ṣùgbọ́n òórùn tó ń gba ibẹ̀ jáde lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi nígbà yẹn, ta ló lè gbàgbé rẹ̀?

Ọ̀gá tó kọ́ Aránṣọ ní iṣẹ́ ìránṣọ ti gbé láàárín àwọn ará Ítálì rí, òun ló kọ́ ọ ní lasáńyà. Makaróní pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tò ní ìpele-ìpele bí ẹni ń ká aṣọ. Ọbẹ̀ tòmátì àti ẹran lílọ̀ á wà láàárín, pẹ̀lú mílíìkì tí wọ́n fi bọ́tà àti ìyẹ̀fun rò títí tó fi ki. Wàràkàṣì á bo gbogbo rẹ̀ lórí, wọ́n á wá tì í sínú ààrò onílẹ̀kùn dígí. Ọbẹ̀ náà kò fẹ́ ìkánjú. Aránṣọ á rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, á rán apá aṣọ kan, á dìde lọ rò ó, á padà wá rán ìkejì, títí òórùn á fi máa ta sánsán dé ojú títì.

Nígbà tí ìfẹ́ ṣì gbóná, eré ni Oníná ń sá wálé nítorí rẹ̀. Oníyọnu lẹ́nu rẹ̀ o! Kò gbọ́dọ̀ fojú kan àlùbọ́sà, torí náà Aránṣọ ń rin ín títí á fi yọ́ sínú ọbẹ̀. Etí páànù gbọ́dọ̀ gbẹ, kó jóná díẹ̀. Tí Oníná bá sì ń jẹun, etí yẹn ni á kọ́kọ́ jẹ yí páànù ká, á fi àárín sílẹ̀ bí erékùṣù láàárín omi. "Tèmi ni àárín yẹn o, ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án!" Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, Aránṣọ tó ń sè é kò tọ́ àárín wò rí.

Nígbà tó yá, Oníná bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́ níta. "Mo ti yó," ni á sọ, á sì kọ ẹ̀yìn sí oúnjẹ.

Ibẹ̀ ni Eyínfúnjowó ti bá ọ̀rọ̀ wọlé. Àbúrò Oníná obìnrin ni. Aránṣọ ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn bí ìyàwó ṣe ń pe ọmọ ilé ọkọ, nítorí ẹ̀rín ẹnu rẹ̀. Eyín rẹ̀ funfun lóòótọ́. Inú ló dúdú bí ìdí ìkòkò!

"Ìyàwó wa, mo ti bá ọ rí oníbàárà!" ni ó sọ lọ́jọ́ náà. "Obìnrin olówó kan ni, Màdámù Onílọ́fínńdà, èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù òórùn dídùn lójú títì ńlá. Kò ráyè kíṣíìnì. Ìwọ máa sè é, èmi á máa gbé e lọ. Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú pé ò ń wá síbẹ̀."

Aránṣọ dúpẹ́ títí ó fi kúnlẹ̀. Ó ń sè, Eyínfúnjowó ń gbé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àṣẹ oníbàárà yìí bẹ̀rẹ̀ sí dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ara bẹ̀rẹ̀ sí fu ú.

"Ó ní kí o má jẹ́ kí àlùbọ́sà hàn o."

"Ó dáa, Eyínfúnjowó mi."

"Ó tún ní kí etí rẹ̀ gbẹ dáadáa. Kó tiẹ̀ jóná díẹ̀."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Aránṣọ. "Ṣé Màdámù fúnra wọn ló fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Háà! Ta ni ì bá tún jẹ́? Ìbéèrè ẹ ti pọ̀ jù! Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́?"

Aṣọ tí wọ́n fi bo páànù padà dé pẹ̀lú òórùn lọ́fínńdà. Nígbà tí Aránṣọ ń fọ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, ó gbé ọrùn ẹ̀wù sí imú. Òórùn kan náà! Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó ń ra lọ́fínńdà pọ̀ nígboro. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó kórìíra àlùbọ́sà náà kò ṣọ̀wọ́n. Ó ń parọ́ fún ara rẹ̀, ó sì mọ̀.

Ọjọ́ tí ìkánjú mú Eyínfúnjowó, tó ju páànù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìfọ̀, ni irọ́ náà tán. Aránṣọ ṣí i. Etí ti tán yí ká, wọ́n ha á mọ́ kanlẹ̀. Àárín nìkan ló dá dúró bí erékùṣù, ó ku apá kan lára rẹ̀ tí yíyó kò jẹ́ kí ẹni tó ń jẹun lè jẹ tán.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣíìnì. Bó ṣe lè dá ìránṣọ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ láàárín òkìtì aṣọ, bẹ́ẹ̀ ló dá ẹnu ọkọ rẹ̀ mọ̀ nínú páànù yẹn.

"Háà! Ọwọ́ mi ni wọ́n fi ń gba ilé mi! Èmi ni mo ń sè é, òun ló ń jẹ ẹ́, obìnrin mìíràn ló ń gba ìyìn!"

Ó fẹ́ ké. Ó fẹ́ gbé páànù náà lọ fọ́ mọ́ ẹnì kan lórí. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà á gbọ́? Wọ́n á ní owú ló ń jẹ ẹ́. Ó nu ojú rẹ̀, ó fọ páànù, ó gbé e kọ́.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ohùn Eyínfúnjowó lójú fèrèsé yàrá Ìyá Àgbà.

"Màmá, ẹ wá jẹ oúnjẹ ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń bọ̀. Kí ẹ lè mọ̀ pé obìnrin tó mọ oúnjẹ sè ṣì wà láyé! Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó wà nílé yín, kì í ṣe aránṣọ-má-sọ̀rọ̀ yìí. Tí ẹ bá ti gbà, ẹ̀gbọ́n mi á ní kó kó ẹrù ẹ̀ jáde."

"Mo gbọ́," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Aránṣọ ló máa mú mi lọ."

"Háà, Màmá! Èmi máa mú yín lọ!"

"Ìwọ tí o máa ń wọ́ mi bí àpò ìrẹsì? Aránṣọ ni ẹsẹ̀ mi. Mi ò lè lọ jẹun kí n fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ nílé."

Lọ́jọ́ náà, Aránṣọ to lasáńyà sínú páànù tó tóbi jù. Ó rin àlùbọ́sà, ó da mílíìkì, ó wọ́n wàràkàṣì sí i. Ó fi fọ́ìlì bò ó. Kò gbé e wọ ààrò.

"Ẹ bá mi sọ fún Màdámù pé ó ku ààrò nìkan," ni ó sọ. "Àlejò pàtàkì ni, ó yẹ kí wọ́n jẹ ẹ́ ní gbígbóná."

"Kí ló le nínú ìyẹn? Ààrò ńlá wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló so..." Eyínfúnjowó gbé ọ̀rọ̀ yòókù mì. "Oníṣẹ́ iná kan ló so ó."

"Mo ti gbọ́," ni Aránṣọ dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí òun àti Ìyá Àgbà wọ ilé Màdámù, Oníná ló wà lórí àga onítìmùtìmù, ó na ẹsẹ̀ bí onílé. Bó ṣe rí ẹni tó di ìyá rẹ̀ mú, ó fò dìde.

"Mo... mo wá bá wọn wo iná ni!"

"Pẹ̀lú sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀?" ni Ìyá Àgbà bi í.

Màdámù jáde, épírọ́ọ̀nù tuntun ló wà lọ́rùn rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti ká a ní ṣọ́ọ̀bù ṣì hàn. "Ẹ káàbọ̀, Màmá! Láti àárọ̀ ni mo ti wà nídìí iná nítorí yín!" Ó gbé páànù kalẹ̀, ó fi ẹ̀rín ṣí fọ́ìlì.

Wàràkàṣì funfun ló tò lọ bẹẹrẹ, tútù. Ìyá Àgbà fi fọ́ọ̀kì kan makaróní. Ó dún kó, bíi páálí.

"Ọmọ mi, ṣé tútù ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́ ni?"

Màdámù yíjú sí Eyínfúnjowó. Eyínfúnjowó, tí kò jẹ́ iṣẹ́ ààrò tí Aránṣọ rán an, wo òkè àjà. "Ààrò... ààrò yẹn ló ṣàdédé bàjẹ́, Màmá!"

"Ọmọ mi ṣáà ní iná lòun wá wò. Oníná, dìde! Gbogbo wa ló ń bá ọ lọ."

Ibo ló máa sá gbà? Ó wọ kíṣíìnì, ó fa ilẹ̀kùn dígí náà. Fóòmù funfun tí ilé iṣẹ́ fi dì í ṣì wà lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀rá kò tíì kúrò lára irin. Nísàlẹ̀, lórí bébà àlàyé tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí, ohun pupa kan wà.

"Háà! Tẹ́sítà mi!" ni Oníná fi ayọ̀ kígbe, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i.

Ayọ̀ náà yọ̀ kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Tẹ́sítà tí o ní ìyàwó rẹ sọ nù?" ni Ìyá Àgbà bi í. "Tí o torí rẹ̀ bú u bí ẹni bú olè?"

Ṣùgbọ́n Oníná kò gbọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ojú rẹ̀ là. Ó yí sí Màdámù. "Rọ́bà ni èèkù yìí! Bí ibí bá gbóná lẹ́ẹ̀kan péré, ì bá ti yọ́! Kí wá ni mo ti ń jẹ nílé yìí láti ọjọ́ yìí?"

"Ṣé o gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ ń sọ?" ni ìyá rẹ̀ wí.

Aránṣọ ló dáhùn. "Oúnjẹ mi ni ẹ ń jẹ. Èmi ni mo rin àlùbọ́sà tí ẹ ò rí. Èmi ni mo jẹ́ kí etí rẹ̀ gbẹ. Páànù dé bá mi láìfọ̀, àárín rẹ̀ dá dúró, mo sì mọ̀ pé ọkọ mi ló jẹun."

"Ìyàwó rẹ̀ lo lọ ń gbé iṣẹ́ fún?" Màdámù gbá Eyínfúnjowó létí. "Ẹlẹ́nu méjì! O ní alásè kan nígboro ni!"

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló ní tí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ òun, òun á ṣí ṣọ́ọ̀bù fún mi?"

"Ṣọ́ọ̀bù? Ìgò òfìfo lo máa gbà! Ọ̀dàlẹ̀! Jáde!"

Wọ́n so mọ́ra, gèlè fò síbìkan, épírọ́ọ̀nù ya. Oníná dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó rẹ̀, tẹ́sítà sì yí gbirigbiri lọ sí ẹsẹ̀ Aránṣọ.

"Aránṣọ mi, dárí jì mí! Iṣẹ́ èṣù ni!"

"Fi èṣù sílẹ̀!" ni Ìyá Àgbà jágbe. "Ṣé èṣù ló wọ sálúbàtà ni? Aránṣọ, bo oúnjẹ rẹ, ká máa lọ sílé wa. Kí ẹni tó wọ sálúbàtà níbí máa wọ̀ ọ́ lọ níbí!"

"Níbo?" ni Màdámù pariwo. "Kó bọ́ ọ sílẹ̀ kó máa lọ!"

Báyìí ni Oníná ṣe já sí òpópónà láìní bàtà lẹ́sẹ̀. Eyínfúnjowó tẹ̀ lé e, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, kò sì rẹ́rìn-ín.

Òórùn lasáńyà náà ti dé ojú títì nígbà tí Oníná dé abẹ́ fèrèsé kíṣíìnì.

"Aránṣọ mi, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ebi ń pa mí."

Fèrèsé ṣí. Ọwọ́ Aránṣọ nìkan ló yọ jáde, èèkù pupa wà nínú rẹ̀.

"Gba tẹ́sítà rẹ," ni obìnrin tí kò pè é ní "o" rí sọ. "Mo bá ọ tọ́jú rẹ̀."

Ó ti fèrèsé. Ìyá Àgbà ti jẹ etí páànù yí ká títí dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó sì ti páànù náà sí i níwájú. Aránṣọ gbé ṣíbí, ó bu àárín rẹ̀, ó fi sẹ́nu. Ó rọ̀, ọbẹ̀ rin ín gbingbin, wàràkàṣì ń fà tìrín-tìrín.

"Ó ti rí?" ni Ìyá Àgbà bi í.

Aránṣọ gbé e mì. "Ìyá mi, ibí ló dùn jù."

Ó sì tún bu òmíràn.