Ọsàn Tó Di Àlùbọ́sà

"Ta ló rí yẹ́lò?"

Ọmọbìnrin kan ló ń bèèrè. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wo fíìmù kan sí oòrùn. Òjìji àwòrán inú fíìmù náà bọ́ sí i lójú, ó bò ó láti iwájú orí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, àfi bí ẹni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Adéjìmí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ lórí ọ̀kadà gbàgbé pé ẹsẹ̀ òun kan ṣì wà lókè.

Oṣù kìíní ọdún 1999 ni. Àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́, ìbò ń bọ̀, kò sì sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú tí kì í ṣe ojú olóṣèlú ló ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti Adéjìmí kì í ṣe ti ìbò. Ó wà lọ́dún ìkẹyìn ní yunifásítì, iṣẹ́ ọnà ló ń kọ́, pósítà tó máa gbé síwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ lópin oṣù kejì ló sì gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ikúmápàyí lọ́jọ́ Ajé. Àwo ọsàn kan ni, létí ọ̀sà Bàrígà. Wọ́n ti bó ọ̀kan nínú àwọn ọsàn náà dé ìdajì, èèpo rẹ̀ gùn gbọọrọ láìjá, ó rọ̀ sílẹ̀ létí àwo. Ó fẹ́ kí ọmọ iléèwé tó bá rí i máa dá itọ́ mì.

Irú pósítà aláwọ̀ báyìí, fíìmù mẹ́rin ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́: ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún yẹ́lò, ọ̀kan fún dúdú. Àwọn fíìmù náà fúnra wọn kò láwọ̀. Dúdú ni gbogbo wọn, lẹ́tà kékeré kan létí wọn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Gbádégẹṣin tó ń wa ẹ̀rọ ti tẹ àwọ̀ mẹ́ta, ó wá ń dúró de ẹ̀kẹrin. Adéjìmí mú ìwé kan, ó wò ó. Láìsí yẹ́lò, àwọn ọsàn rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

"Ọsàn ni mo yà," ó ní. "Àlùbọ́sà lẹ tẹ̀."

Gbádégẹṣin bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n igun ẹnu rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́sàn. Moyọ̀sọ́lá lorúkọ mi, èmi ni mo ń to fíìmù níbí. Mẹ́ta ni mo bá nílẹ̀."

Bàbá Ikúmápàyí, bàbá Moyọ̀sọ́lá, ló gba fíìmù náà lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n pè é jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára fìlà, ó ń ráhùn pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dí ojú fèrèsé tó fọ́ tán lánàá ni àwọn olóṣèlú tún wá ń fi òòlù dí òun létí, tí wọ́n ń kan pátákó ìpolongo gàgàrà mọ́ ẹ̀yìn ilé. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ le. Ọdún kejìdínlógún rèé tí òun ti ń tẹ̀wé, ó ní, fíìmù oníbàárà kan kò sọnù lọ́wọ́ òun rí. Ní ṣọ́ọ̀bù òun, fíìmù tó ti kú pàápàá kì í ṣòfò: wọ́n ń fi í bo ìwé, wọ́n ń fi í lẹ ojú ihò.

"Mẹ́ta lo gbé lé mi lọ́wọ́."

"Mẹ́rin ni, sà."

"Mo ní mẹ́ta."

"Sà, mẹ́rin ni!" Ohùn Adéjìmí ròkè ju bó ṣe fẹ́ lọ. Gbádégẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀.

Irú ẹni tí Adéjìmí jẹ́ nìyí: tó bá ń fi lẹ́tà kún àwọn àpótí eré ọpọlọ inú ìwé ìròyìn, tó wá ku àpótí kan, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó wá fíìmù náà lábẹ́ ẹ̀rọ, ó wá a nínú pàǹtí, ó wá a nínú gbogbo dúrọ́ọ̀. Ó yọjú sí ọ́fíìsì Bàbá pàápàá, ṣùgbọ́n pátákó àwọn olóṣèlú ti sọ ibẹ̀ di òkùnkùn. Ó sáré dé ibi tí wọ́n ti yọ fíìmù náà fún un ní Fádèyí, kí wọ́n lè yọ òmíràn. Wọ́n ní tí iṣẹ́ ìbò bá tán, kó padà wá. Oṣù kejì á ti parí nígbà náà.

Ó padà sí Ṣómólú, ó jókòó sórí ìdì ìwé kan, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́. Moyọ̀sọ́lá wò ó títí.

"Mo lè fi ọwọ́ ṣe yẹ́lò yẹn," ó ní.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é, lọ́sàn-án, tí Adéjìmí bá ti kúrò ní kíláàsì. Moyọ̀sọ́lá tẹ́ fíìmù òfìfo kan lé àwòrán náà lórí tábìlì onígíláàsì tó níná lábẹ́, ó ń fi pẹ́ẹ̀nì ẹlẹ́nu abẹ́rẹ́ to àmì bíńtín-bíńtín sí gbogbo ibi tó yẹ kí yẹ́lò wà. Ibi tó bá fẹ́ kó pọ́n dáadáa, ó tò ó jọ. Ibi tó bá fẹ́ kó fẹ́lẹ́, ó fọ́n ọn ká. Iṣẹ́ ti Adéjìmí ni kó máa nu ẹnu pẹ́ẹ̀nì, kó sì máa rántí bí ọsàn kọ̀ọ̀kan ṣe rí.

"Èyí tó wà lápá òsì yìí ńkọ́?"

"Ó pọ́n ju ìyókù lọ. Mo jẹ ẹ́ nígbà tí mo ya fọ́tò tán."

"O jẹ ẹ̀rí," Moyọ̀sọ́lá wí.

Ọjọ́ kẹrin nìyẹn, àwọn méjèèjì ò sì ṣàkíyèsí pé wọn ò pe ara wọn ní "ẹ" mọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, àpótí eré ọpọlọ kan há Adéjìmí lọ́wọ́ nínú ìwé ìròyìn. Moyọ̀sọ́lá kò gbójú sókè tó fi pe ọ̀rọ̀ náà fún un. Adéjìmí bi í léèrè ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Moyọ̀sọ́lá ní ẹni tó ń ka ìwé láti ẹ̀yìn wá síwájú lójú fíìmù látàárọ̀ dalẹ́, ṣé àpótí eré ọpọlọ ló máa wá dà á láàmú? Adéjìmí bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ó sàn kí ọsàn náà pọ̀ sí i, kí iṣẹ́ náà má tètè tán.

Nígbà tí Gbádégẹṣin gbé yẹ́lò náà sórí ẹ̀rọ, gbogbo wọn dúró yí i ká. Ìwé kìíní jáde, àlùbọ́sà padà di ọsàn. Yẹ́lò àfọwọ́ṣe náà kò tẹ́jú bíi ti kọ̀ǹpútà, ó ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀ lára èso náà bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe ń mì lójú omi. Moyọ̀sọ́lá tẹ̀ síwájú, ó dojú kọ ìwé náà. Létí àwo funfun, ní yẹ́lò, lẹ́tà wínníwínní kan wà tí kì í ṣe òun ló fi í síbẹ̀: *Yẹ́lò: Moyọ̀sọ́lá Ikúmápàyí.*

"Ta ló kọ eléyìí?"

Adéjìmí ń wo àjà.

Àwọn olùkọ́ rẹ̀ gbé pósítà náà sípò kìíní, wọ́n bi í bó ṣe rí irú yẹ́lò bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n ka etí àwo. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun àti Moyọ̀sọ́lá jókòó létí ọ̀sà ní Bàrígà, wọ́n ra ọsàn. Adéjìmí fẹ́ bó èèpo rẹ̀ láìjá bó ṣe wà nínú pósítà. Ó já lẹ́ẹ̀mẹta. Moyọ̀sọ́lá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bó o lẹ́ẹ̀kan, ó gbé èèpo náà kọ́ ọ létí.

"Mo fẹ́ ká jọ máa ṣe é lọ títí," Adéjìmí wí.

"Ká jọ máa ṣe kí ni, Ọlọ́sàn? Ọsàn ni àbí àlùbọ́sà?"

"Èyíkéyìí tó bá ti jáde."

Moyọ̀sọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ku bàbá òun.

Bàbá Ikúmápàyí kò kórìíra Adéjìmí. Ó ti lẹ pósítà náà mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì ń fi í yangàn fáwọn oníbàárà. Ohun tó ń dùn ún ni pé ọmọ kékeré pe òun ní elékèé níṣojú àwọn òṣìṣẹ́ òun. Ó rán ọmọ rẹ̀ sí i: ọjọ́ tí Adéjìmí bá gbà pé mẹ́ta lòun mú wá, ọjọ́ náà ni kó mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Tí kò bá gbà, kó jókòó sílé wọn.

Adéjìmí gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ta ni mẹ́ta pa lára? Ó bi Moyọ̀sọ́lá bóyá kí òun sọ ọ́.

"Ṣé mẹ́ta ni?"

"Mẹ́rin ni."

"Má sọ ọ́ nítorí mi o. Tó o bá fi irọ́ fẹ́ mi, ojoojúmọ́ ni màá máa ka fíìmù rẹ wò." Ó fa etí rẹ̀. "Àmọ́ ohùn tó o gbé sókè sí bàbá mi, wá bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn. Ìyẹn dun èmi náà."

Ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n lọ, láàárín oṣù kẹfà, nígbà tí ìjọba alágbádá ti gorí oyè. Ìyá Adéjìmí, Ìyáàfin Oyèbísí, tó jẹ́ tíṣà ní Fọlá Àgòrò, ló ṣáájú. Òjò àárọ̀ ti dá. Lẹ́yìn fèrèsé ọ́fíìsì, òòlù tún ń dún: àwọn káfíńtà ń tú pátákó olóṣèlú tó ti wà níbẹ̀ látìgbà ọyẹ́. Bàbá Ikúmápàyí jókòó, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé, ó wọ bùbá funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Moyọ̀sọ́lá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó ń ká etí ìró rẹ̀.

Adéjìmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, mo wá bẹ̀ yín. Mo gbé ohùn sókè sí yín níwájú àwọn èèyàn yín. Ẹ dárí jì mí."

"Mo ti gbọ́. Fíìmù mélòó lo mú wá?"

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ àga mú. Adéjìmí kò gbórí sókè. Gbogbo ohun tó fẹ́ láyé wà nínú yàrá náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì dí i lọ́nà.

"Mẹ́rin ni, sà," ó rọra wí.

Bàbá yíjú sí ìyá Adéjìmí.

"Màmá, láti oṣù kẹta ni mo ti ń wo orúkọ tó wà létí àwo yẹn. Ọmọ yín lè má kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹni tó lè fi iṣẹ́ oníṣẹ́ fún un báyìí, n ò rò pé ó máa jókòó pa irọ́ fíìmù kan mọ́ mi." Ó mí kanlẹ̀. "N ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n mo gbà pé mẹ́rin ni. Dìde, ọmọ mi. Moyọ̀sọ́lá, gbé àga fún ọkọ rẹ."

Níta, nǹkan já wálẹ̀ gbàgà. Pátákó náà ti ṣubú. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ya wọ ọ́fíìsì fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà ọyẹ́, ó gba inú àwọn fíìmù àtijọ́ tí Bàbá fi dí ojú fèrèsé, ó bọ́ sí i léjìká.

Bàbá wo bùbá rẹ̀. Nǹkan róbótó-róbótó dúdú kan wà níbẹ̀, bí ìgbà tí yíǹkì bá ta sí aṣọ. Ó fọwọ́ gbọ̀n ọ́n. Kò kúrò. Ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó tún fi itọ́ sí ìka.

Moyọ̀sọ́lá dúró, ó gbé àga dání. Àwọn nǹkan róbótó náà jókòó nínú àwo kan, èèpo gbọọrọ kan rọ̀ sílẹ̀ létí àwo náà láìjá. Ó tọpa ìmọ́lẹ̀ náà lọ sókè, dé fèrèsé, dé ara fíìmù kan tí bàbá rẹ̀ ti gé etí rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀, kó lè bá ojú ihò mu. Ó gbé àga sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi," ó ní, "ẹ má gbọ̀n ọ́n mọ́. Yẹ́lò ni."