Ọpẹ́ Tí Bàbá Fẹ́ Dá

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà dún kíì, Ṣubúọlá sì yọ́ wọlé bí olè. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ara gíláàsì aláràbarà wọlé, ó da pupa àti aró sórí ilẹ̀ bí aṣọ ìyàwó. Ẹwà náà gún un lọ́kàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìsìn òkú ìyá rẹ̀ lánàá.

Ọ̀la, ọjọ́ Àìkú, ni ìdúpẹ́. Ọkọ olóògbé àti gbogbo ọmọ rẹ̀ á jó dé iwájú pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ló bí Ṣubúọlá nínú lọ́sàn-án, tó fi jágbe mọ́ àwọn ẹbí nílé:

"Ọpẹ́ kí ni? Mo gbààwẹ̀, mo kúnlẹ̀ títí eékún mi fi bó. Ṣé Ọlọ́run gbọ́? Bí Bàbá bá fẹ́ràn Màmá lóòótọ́, wọn ò ní jó!"

"Ha! Ìlọrin tó lọ ń gbé ti ba ọmọ yìí jẹ́," ni Ìyá Prosper, àbúrò bàbá rẹ̀, pariwo. "Aláìgbàgbọ́ rèé nínú ilé wa!"

Bàbá rẹ̀, Japhet, kàn dorí kodò bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó bá Ṣubúọlá sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹsẹ̀ kan dún lẹ́nu ọ̀nà. Ṣubúọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn àga. Bàbá rẹ̀ ni! Ó lọ jókòó sáàárín àga ẹgbẹ́ akọrin, ó dá orin kan. Nígbà tó dé ibi tí ohùn ìyàwó rẹ̀ ti máa ń gbè é, ó dákẹ́. Ó dúró, àfi bí ẹni tó ń retí rẹ̀.

"Olúwa," ó ní, "inú ń bí mi sí Ọ."

Ṣubúọlá dìde. "Bàbá, ẹ̀yin náà?"

Ó ta gìrì, ó fi fìlà nu ojú. "Ṣé o rò pé ìwọ nìkan ni?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fẹ́ jó?"

"Orí àga yìí ni ìyá rẹ jókòó sí lọ́jọ́ tí ojú wa kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin. Mo fẹ́ dúpẹ́ pé mo rí i rárá. Ti ikú yìí, mi ò dúpẹ́ ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí ọ̀rọ̀ ọ̀sán jì mí, sà."

"Ó dùn mí o," ó ní. Kò purọ́.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí orin ọpẹ́ sọ, Bàbá dìde, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò gbé. Ìgbàgbọ́ Ṣubúọlá kò tíì padà. Síbẹ̀, ó jáde lọ dì í lọ́wọ́ mú. Kò jó; ó ń bá a rìn. Níwájú pẹpẹ, Bàbá dá orin àná. Nígbà tó dé ibi tó ti dákẹ́, Ṣubúọlá gbè é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iyèméjì kì í pààyàn. Ẹni tó bá dá a gbé mọ́ra ni yóò fi gún ẹni tó fẹ́ràn lọ́kàn, láìmọ̀ pé ẹrù kan náà ló wà lórí àwọn méjèèjì.