Ojú Ọmọ Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta

Kámẹ́rà ti pòórá. Ẹsẹ̀ irin tí wọ́n gbé e lé nìkan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí Saheed, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sùn lé.

Dókítà Títílọpẹ́ Oyèlọlá gbé ọmọ náà. Ọrùn rẹ̀ rọ jù. Òórùn oògùn ikọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó sáré gbé e fún nọ́ọ̀sì. Yàrá tó háyà ní Odìgbó yìí ló ti ń ya fídíò àwọn ìkókó, láti mọ bí wọ́n ṣe ń dá ojú ènìyàn àti nǹkan mọ̀. Ta ló fún ọmọ yìí lóògùn?

Àwọn èrò ìta ò tilẹ̀ bèèrè ìyẹn. Fàtíà, ìyá Saheed, ni wọ́n dojú kọ. Àlejò ni, ọkọ rẹ̀ ń dáko kòkó fún onílẹ̀ kan ní Araromi-Obu. Àlejò ti di olè lójú tiwọn nìyẹn. Ìwà burúkú gbáà!

Sájẹ́ǹtì Láoyè, ọlọ́pàá tí wọ́n pè, ti mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dání. "Ìyá yìí ń bá mi lọ sí tèṣàn ní Òrè."

"Ẹ ní sùúrù!" Dókítà jágbe mọ́ ọn.

Fàtíà ní, "Ilé ìwẹ̀ ni mo lọ, mà. Ọmọ mi lajú sílẹ̀ nígbà tí mo jáde."

Yínká ọlọ́kadà tó gbé e wá ní, "Mi ò sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà mi. Gbogbo àwọn yìí rí mi."

Àǹtí Elizabeth, tó ń bá Dókítà tọ́jú àwọn ọmọ, gbé korobá ìtẹ́dìí ẹlẹ́gbin dání, ó fẹ́ lọ fọ̀ wọ́n. Ó ní:

"Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mi ò wọlé rárá. Mo rí Fàtíà tó ń ki nǹkan bọ àpò. Saheed gan-an rí mi! Ó tẹjú mọ́ mi, kò ṣẹ́jú."

Wọ́n tú àpò Fàtíà: gàrí àti ìtẹ́dìí. Wọ́n yẹ ọ̀kadà Yínká wò: òfo. Korobá yẹn nìkan ni ò sẹ́ni tó fẹ́ sún mọ́. Láoyè ní kí ẹnikẹ́ni má kúrò níbẹ̀, kí wọ́n má sì gbé nǹkan kan jáde.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Saheed jí. Nọ́ọ̀sì ní ara rẹ̀ ti yá. Dókítà tẹ́ ẹ sórí ẹní kan náà.

"Àǹtí, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má sọ̀rọ̀."

Ọmọ náà ń wo àjà.

"Ẹ máa bọ̀."

Ó wọlé díẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ náà, tí orúnkún rẹ̀ kan ẹsẹ̀ irin, ni Saheed tó tẹjú mọ́ ọn.

"Ọmọ tó kéré báyìí kì í rí ojú ènìyàn dáadáa kọjá ibi tí ojú ìyá rẹ̀ máa ń wà tó bá ń mu ọmú," Dókítà wí. "Ó wò yín lóòótọ́. Ibí yìí lẹ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà!"

Ó da korobá dé ilẹ̀. Kámẹ́rà jáde nínú ọ̀rá, pẹ̀lú ìgò oògùn ikọ́. Wọ́n tan fídíò: Elizabeth, ṣíbí lọ́wọ́, Saheed ń wò ó lójú kòrókòró.

Elizabeth bú sẹ́kún. "Tí àwọn ọmọ bá ti sùn, a máa ń ṣíwọ́. Ó ti rẹ̀ mí! Mi ò mọ̀ pé kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, àfìgbà tí mo fún un tán."

"O fún ọmọ lóògùn tán, o tún pe ìyá rẹ̀ lólè?" Dókítà ò rántí mọ́ pé àgbà ni Àǹtí.

Láoyè fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ Elizabeth. "Ìyá Saheed, ẹ máa lọ sílé."

Àwọn èrò ti ń yọ́ lọ. Fàtíà pọn ọmọ rẹ̀, kò kúrò lójú kan.

"Bí ẹ ṣe pariwo pé olè ni mí, ẹ pariwo pé èmi kọ́."

Láoyè wúkọ́. "Kì í ṣe òun o!"

"Ohùn yín ò tíì dé títì," Fàtíà wí.