Agídí Rothangi

Ní ìlú Aizawl, níbi tí ilé ti ń gun orí ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, kò sẹ́ni tí kò mọ Rothangi ahunṣọ. Bó bá ti jókòó sídìí òfì, sìgá á ti wà lẹ́nu rẹ̀. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ń dé etí rẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n kì í lọ.

Lọ́jọ́ kan, àyà dì í mú bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé e. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà la iṣan ọkàn rẹ̀ tó dí, ó sì kìlọ̀ fún un:

"Màmá, bí ẹ bá tún fa sìgá, yóò tún dí. Àwọn tó jáwọ́ máa ń pẹ́ láyé ju àwọn tó taku lọ."

Rothangi rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi fa tábà títí ó fi hu ewú. Ọmọ àná wo ló ń kọ́ mi?"

Zaithangi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí irú àrùn yìí ti ṣe rí, wá kí i. "Èmi náà fà á, Rothangi. Agbára mi ò ká a. Jésù ló gbà mí."

"Gbé ìwàásù ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì jàre! Ṣé ìwọ lo bá mi rà á ni?"

Kí gbogbo ayé lè rí i pé ara òun ti le, ó di ẹrù aṣọ, ó tan sìgá, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ sọ́jà. Kò tíì dé òkè tó fi ṣubú lulẹ̀ gbì.

Nígbà tó lajú nílé ìwòsàn, wọ́n sọ fún un pé apá kan ọkàn rẹ̀ ti kú, kò sì ní jí mọ́. Zaithangi wà létí bẹ́ẹ̀dì.

"Zaithangi, mo ti ba ara mi jẹ́. Ṣé Jésù á gba irú mi?"

"Irú ẹ gan-an ló wá wá."

Rothangi bú sẹ́kún. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Jésù, títí kan ìgbéraga tó mú un taku sídìí sìgá. Àlàáfíà wọ inú rẹ̀.

Ó délé, Biakliana ọkọ rẹ̀ na sìgá sí i. "Ẹyọ kan péré. Kò ní pa ẹ́."

Itọ́ kún ẹnu rẹ̀. Ó gbà á, ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. "Bàbá ilé, ó ń wù mí, n ò purọ́. Ṣùgbọ́n kò tó bẹ́ẹ̀! Ẹni tó kú fún mi ló ni mí."

Láti ọjọ́ náà, ìta ni ọkọ rẹ̀ ń lọ fa tirẹ̀. Rothangi kì í lè gun òkè láìsinmi mọ́, ṣùgbọ́n ó ń hun aṣọ, ó sì ń kọrin.

Ìwọ tí ò ń kà á, Ọlọ́run ni ò ń ṣagídí sí? Ẹ̀ṣẹ̀ ni kó o kọjú agídí náà sí! Má sọ pé ó di ọ̀la. Ta ló ṣèlérí ọ̀la fún ọ? Níbi tó o wà yẹn, ké pe Jésù, kó o sì sọ fún ohun tó dè ọ́ pé: ó tó gẹ́ẹ́!